Gbogbo Wọn Ló Ń Purọ́, Àfi Ẹsẹ̀

Ìbà o, ẹ̀yin àgbà tí ẹ ti jó dísíkò rí, tí ẹ wá ń ṣe bí ẹni pé inú ṣọ́ọ̀ṣì ni wọ́n bí yín sí. Ìbà ẹ̀yin tí ẹ wọ ṣòkòtò ẹlẹ́sẹ̀ gbàràgàdà nígbà ayé Gowon, èyí tí àwọn ará Èkó sọ ní "Keep Lagos Clean", nítorí pé ibi tí ẹni tó wọ̀ ọ́ bá gbà kọjá, agbálẹ̀ kò níṣẹ́ níbẹ̀ mọ́. Ẹ̀fẹ̀ ni mo bá dé lónìí, n kò bá ìjà dé. Ẹni tí ọ̀rọ̀ bá bà, kó rẹ́rìn-ín. Ẹni tí kò bá lè rẹ́rìn-ín, kó ṣí ojú ìwé kejì, kó lọ máa ka ìkéde òkú.

Àwọn olórin fọ́ǹkì àti dísíkò ni mo fẹ́ bá wí. Mo ti yẹ ìtàn wọn wò síwá sẹ́yìn, n kò rí olóòótọ́ kan níbẹ̀. Ẹni tó ní òun dákú, kò dákú. Ẹni tó ń la ẹnu, òun kọ́ ló ń kọrin. Ẹni tó ní ojú ọ̀run lòun ti ń bọ̀, ṣọ́ọ̀bù onígbàjámọ̀ ló ti ń bọ̀. Ẹni tó ní kí gbogbo ayé wá jó, ó ti fi adènà sẹ́nu ọ̀nà. Ẹni tó sì ní òun ti sin dísíkò, òkú rẹ̀ ló ń jó kiri ìgboro títí di òní. Irọ́ lọ́tùn-ún, irọ́ lósì. Síbẹ̀, bí wọ́n bá ti fi orin yẹn sí i, kí olúwa rẹ̀ tó mọ̀, ẹsẹ̀ rẹ̀ á ti máa mì lábẹ́ tábìlì. Ẹsẹ̀ nìkan ni kò mọ irọ́ pa nínú ọ̀rọ̀ yìí. Ẹ jẹ́ ká mú àwọn tó kù lọ́kọ̀ọ̀kan.

Orí àgbà la ti ń bẹ̀rẹ̀. Alàgbà James Brown, ọmọ South Carolina, tí wọ́n bí lọ́dún 1933, ni fọ́ǹkì ń pè ní bàbá. Iṣẹ́ tó ṣe kò kéré, ẹ̀fẹ̀ kò ní kí n sẹ́ ìyẹn. Kó tó dé, nínú ìlù mẹ́rin-mẹ́rin tí àwọn aláwọ̀ dúdú Amẹ́ríkà ń lù, orí ìkejì àti ìkẹrin ni agbára máa ń bọ́ sí. James ní rárá o, ìkíní ni kí ẹ tẹ̀ mọ́lẹ̀. "The One" ni wọ́n sọ ọ́, òfin sì ni. Bí o bá ti balẹ̀ gbì sórí ìkíní, ohun tó wù ọ́ ni kí o fi mẹ́ta tó kù ṣe. "Papa's Got a Brand New Bag" ti ọdún 1965 àti "Cold Sweat" ti ọdún 1967 ló fi là á yé ayé. Gìtá di ìlù, fèrè di ìlù, ohùn James fúnra rẹ̀ di ìlù: ó ń ké "hẹ́n!", ó ń ké "háà!", a ò sì rí ẹni tó ń gún un lábẹ́rẹ́.

Ṣùgbọ́n ẹ wo ìwà. Bí eré bá fẹ́ parí, Alàgbà á ṣubú lórí orúnkún. Ìfẹ́ ti fẹ́ pa á. Danny Ray, olùkéde rẹ̀, á sáré gbé aṣọ kan tó ń dán yinrin wá, á fi bò ó léjìká, á rọra máa fà á lọ. Àwọn obìnrin á bú sẹ́kún. Bí wọ́n bá kù díẹ̀ kí wọ́n wọlé, òkú á jí, á da aṣọ nù, á tún padà sídìí gbohùngbohùn. Wọ́n á tún bò ó. Á tún jí. Lálaalẹ́ ló ń kú, wọn ò sì pe dókítà lọ́jọ́ kan. Ká ní nílé wa ni, nígbà tó bá kú lẹ́ẹ̀kejì, ẹbí á ti ní kí wọ́n lọ bi Ifá léèrè.

Owó ìtanràn ló wá burú jù. Bàtà rẹ kò dán: owó ìtanràn. O pẹ́ dé: owó ìtanràn. O ṣi fèrè fọn: owó ìtanràn. Kì í sì í dá eré dúró kó tó gbà á. Bó ṣe ń jó lọ́wọ́ ni yóò kọ ẹ̀yìn sí èrò, tí yóò na ìka márùn-ún sí onífèrè: dọ́là márùn-ún ti lọ nìyẹn. Ó tún na ìka náà: ó di mẹ́wàá. Àwọn òǹwòran rò pé ara ijó ni, wọ́n ń pàtẹ́wọ́. Wọn ò mọ̀ pé owó oúnjẹ ọmọ ẹnì kan ni wọ́n ń pàtẹ́wọ́ fún.

Lóṣù kẹta ọdún 1970, ó sú àwọn ọmọ ẹgbẹ́ rẹ̀. Wọ́n ní kó fi kún owó àwọn, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ àwọn ò ní gun ìtàgé. Alàgbà kò bá wọn jiyàn. Ó ní kí wọ́n fi ọkọ̀ òfurufú lọ kó àwọn ọ̀dọ́ kan wá láti Cincinnati. Bootsy Collins tó ń ta gìtá bàsì wà nínú wọn, kò tíì pé ọmọ ọdún 19. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ Catfish náà wà níbẹ̀. Àwọn àgbà jáde, àwọn ọmọdé wọlé, eré ń lọ. Ẹ̀yin tí ẹ ń halẹ̀ mọ́ ọ̀gá yín pé bí ẹ bá kúrò, iṣẹ́ á bàjẹ́, ẹ kú etí ìgbọ́ọ̀.

Kò pẹ́ tí Bootsy fi rí ọ̀gá mìíràn tí kì í gba owó ìtanràn. George Clinton ni. Onígbàjámọ̀ ni Bọ̀dá George; ní Plainfield, ní ìpínlẹ̀ New Jersey, ló ti ń ṣe irun fún àwọn èèyàn, tí òun àti àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ sì ń kọrin nínú ṣọ́ọ̀bù. Nígbà tó yá, ó di ẹgbẹ́ Parliament, ó tún di ẹgbẹ́ Funkadelic. Ẹgbẹ́ méjì, ojú kan náà. Bí ìwọ bá fi orúkọ méjì ṣí àkáǹtì ní báǹkì, EFCC á wá ọ wá. Bí George bá fi orúkọ méjì gbowó lọ́wọ́ ilé iṣẹ́ méjì tó ń gbé àwo jáde, wọ́n ní ọgbọ́n òwò ni.

Ní 1975 ló gbé "Mothership Connection" jáde, tó ní ojú sánmà ni fọ́ǹkì ti wá. Kí ọdún kejì tó parí, ó ti ní ọkọ̀ kan tó ń tàn yòò, tó ń tú èéfín, tó ń sọ̀ kalẹ̀ sórí ìtàgé, tí òun á sì tinú rẹ̀ yọ pẹ̀lú irun ńlá lórí. Bootsy fi awò oníràwọ̀ sójú, ó gbé gìtá oníràwọ̀ kọ́rùn. Garry Shider, ọkùnrin gìdìgbà tó ń ta gìtá, ìlédìí ọmọ ọwọ́ ló sán jáde. Kò wọ ṣòkòtò sí i o! Ìyá Yorùbá wo ló máa rí irú èyí tí kò ní pe ìpàdé ẹbí kí eré tó tán? Ẹ̀rín yín kò sì já mọ́ nǹkan kan: ọ̀kan nínú ọkọ̀ yẹn ti wà ní ilé ohun ìṣẹ̀ǹbáyé àwọn aláwọ̀ dúdú ní Washington. Ìjọba Amẹ́ríkà ló ń bá onígbàjámọ̀ tọ́jú rẹ̀. Kò tíì fò dé oṣù rí.

Ẹ wá jẹ́ ká bọ́ sórí dísíkò. Fọ́ǹkì le fún ẹni tí kò mọ ijó. Ìkíní yẹn, bí o bá pàdánù rẹ̀, o ti sọnù nìyẹn. Dísíkò ló wá gba irú wọn là. Earl Young, onílù kan ní Philadelphia, ló là á sílẹ̀ nínú "The Love I Lost" ti Harold Melvin and the Blue Notes lọ́dún 1973: kí ìlù ńlá máa dún lórí gbogbo mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, gbì, gbì, gbì, gbì, kí àwo idẹ máa ṣí "tsíì" láàárín wọn. Ó parí. Ibi yòówù kí o gbé ẹsẹ̀ lé, o ti tọ̀nà. Òyìnbó tí ẹsẹ̀ ọ̀tún àti tòsì rẹ̀ kò tíì bá ara wọn sọ̀rọ̀ láti ọjọ́ tí wọ́n ti bí i, òun náà di oníjó. Ẹ̀yin tí ẹ ti gbọ́ Tony Allen nídìí ìlù Fela, tí ọwọ́ méjì àti ẹsẹ̀ méjì rẹ̀ ń sọ ọ̀rọ̀ ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ mẹ́rin, ẹ óò mọ̀ pé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ni Earl Young kọ. Ṣùgbọ́n ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ló ń tà jù lọ́jà, ẹ bi àwọn tó ń tàwé.

Lọ́dún 1975, ní Munich nílẹ̀ Jámánì, Giorgio Moroder ọmọ Ítálì mú Donna Summer ọmọ Amẹ́ríkà, wọ́n ṣe "Love to Love You Baby". Èyí tó gùn nínú rẹ̀ sún mọ́ ìṣẹ́jú 17, ó gba ojú kan àwo náà tán. Àwọn òyìnbó lanu. Wọ́n ní irú orin gígùn wo lèyí! Mo rẹ́rìn-ín títí omi bọ́ lójú mi. Ìṣẹ́jú 17? Ebenezer Obey kò tíì kí olóde tán ní ìṣẹ́jú 17. Ẹ̀gbọ́n olóde ṣì wà níbẹ̀, àna olóde kò tíì kàn. Fela ní tirẹ̀, ó lè má tíì sọ ọ̀rọ̀ kan, fèrè ló ṣì ń fọn.

Ẹ jẹ́ ká lọ sí New York, nítorí ibẹ̀ ni irọ́ ti ta epo sí aṣọ. Àwọn tí ilé ijó mìíràn ń lé ló tọ́ dísíkò dàgbà: àwọn aláwọ̀ dúdú, àwọn ará Puerto Rico, àti àwọn ọkùnrin tó ń fẹ́ ọkùnrin. Lọ́dún 1970, David Mancuso bẹ̀rẹ̀ sí í pe irú wọn sínú ilé tó ń gbé, tí wọ́n sọ ní The Loft. Kò ta ọtí. Àwo ló ń fi sí i. Orin àwọn tí wọ́n ti ilẹ̀kùn mọ́ ni orin yìí.

Ní 26 oṣù kẹrin 1977, Steve Rubell àti Ian Schrager ṣí ilé ijó Studio 54. Kí ni nǹkan àkọ́kọ́ tí wọ́n ṣe fún orin àwọn tí wọ́n ti ilẹ̀kùn mọ́? Wọ́n ti ilẹ̀kùn. Rubell fúnra rẹ̀ á dúró lẹ́nu ọ̀nà, á máa nàka: ìwọ wọlé, ìwọ, aṣọ rẹ kò dára, ìwọ wọlé, ṣùgbọ́n fi ìyàwó rẹ síta. Mo fẹ́ kí ẹnì kan mú Rubell wá sí Ìbàdàn ní Sátidé, kó dúró lẹ́nu gbọ̀ngàn ìnáwó, kó sọ fún ìyá kan tó wé gèlè tó wọ aṣọ ẹbí pé kò lè wọlé. Ìyá á bi í pé, "Ta nìwọ? Ọmọ ta ni ọ́ nínú wọn?" Kó tó dáhùn, mo-gbọ́-mo-yà márùndínlógójì á ti gba abẹ́ apá rẹ̀ kọjá, wọ́n á ti jókòó, wọ́n á ti máa bèèrè ẹran.

Ní alẹ́ ọdún tuntun tó mú 1977 parí, Grace Jones, olórin, ní kí Nile Rodgers àti Bernard Edwards, àwọn ọkùnrin tó ni ẹgbẹ́ Chic, wá bá òun ní Studio 54. Ẹ gbọ́ o: àwọn tí wọ́n ń fi àwo wọn jó nínú ilé yẹn ni wọ́n pè. Wọ́n wọ aṣọ tó dá wọn lójú, wọ́n dé ẹ̀yìnkùlé, wọ́n kanlẹ̀kùn. Grace ti gbàgbé láti fi orúkọ wọn sílẹ̀. Adènà bú wọn dànù, ó pa ilẹ̀kùn dé. Lóṣù karùn-ún ọdún kan náà, gbajúmọ̀ obìnrin kan, Bianca Jagger, ti gun ẹṣin funfun nínú ilé ijó yẹn kan náà. Ẹṣin wọlé. Nile Rodgers kò wọlé.

Wọ́n padà sílé, wọ́n ṣí ọtí, wọ́n gbé gìtá, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í fi orin bú adènà padà. Èébú gidi ni o, irú èyí tí ilé iṣẹ́ rédíò kankan kò jẹ́ gbé sáfẹ́fẹ́. Nígbà tí ìbínú rọ̀, tí etí wọn sì gbọ́ bí èébú náà ṣe dùn tó, wọ́n yí ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ padà, ó di "Le Freak". Kí ọdún 1978 tó parí, òun ló wà ní ipò kìn-ín-ní ní Amẹ́ríkà. Ilé tí wọ́n lé wọn níbẹ̀ ń fi èébú tí wọ́n bú u jó. Ẹ̀yin tí ẹ máa ń jà ní ẹnu ọ̀nà ìnáwó, ẹ rí i bí àwọn ọlọgbọ́n ṣe ń jà.

Rubell kò sinmi ẹnu o. Ó sọ fún àwọn oníròyìn pé àyàfi àwọn Máfíà ló tún ń rí owó tó ti àwọn. Ta ló ń sọ irú ọ̀rọ̀ yẹn nígbà tí kò tíì san owó orí? Lóṣù kejìlá ọdún 1978, àwọn agbowó-orí já wọlé, wọ́n bá owó nínú àpò ìdọ̀tí. Lọ́dún 1980 wọ́n sọ àwọn méjèèjì sẹ́wọ̀n. Ẹnu ọ̀nà ibẹ̀ yẹn kò le rárá, wọn ò wo aṣọ ẹnikẹ́ni kí wọ́n tó ní kó wọlé.

Ẹ ti rí fíìmù "Saturday Night Fever" ti 1977, àbí? John Travolta nínú kóòtù funfun, tó nàka sókè, tó sì mú gbogbo ọ̀dọ́ láti Brooklyn dé Bódìjà nàka sókè tẹ̀lé e. Ìròyìn kan tí Nik Cohn kọ sínú ìwé ìròyìn New York lọ́dún 1976 ni wọ́n gbé fíìmù náà kà. Ó kọ ọ́ pé òtítọ́ ni, pé òun lọ bá àwọn ọmọ Brooklyn níbi tí wọ́n ti ń jó. Ó tó bí ogún ọdún kí ẹnu rẹ̀ tó jẹ́wọ́ pé òun ló jókòó hùmọ̀ ọ̀pọ̀ nínú rẹ̀. Ọ̀kan nínú àwọn ọmọ tó mọ̀ ní London ló fi ṣe àwòṣe. Bẹ́ẹ̀ ni gbogbo ayé ṣe ń jó ijó ẹni tí kò sí.

Wàyí o, ẹ bá mi pe Boney M. Ní ilẹ̀ wa, ẹgbẹ́ yìí ti kúrò ní olórin, ara oṣù ni wọ́n. Bí o kò bá gbọ́ wọn lẹ́nu ṣọ́ọ̀bù kan ní Dùgbẹ̀ tàbí ní Balógun, oṣù Kejìlá kò tíì wọlé. Bobby Farrell, ọmọ Aruba, ni ọkùnrin àárín wọn: irun gbàgùdù, àyà ìhòòhò, ó ń fò, ó ń yí, ohùn gbẹ̀du ń jáde lẹ́nu rẹ̀. Ẹ̀yin èèyàn mi, kì í ṣe ohùn rẹ̀. Frank Farian, òyìnbó Jámánì tó ń ṣe àwo wọn, ló ń kọ ọ́ sínú ẹ̀rọ. Eégún ni Bobby ń ṣe fún wa: aṣọ ló rù, ẹlòmíràn ló ni ohùn, àwa tí a sì ń náwó fún un kò tú aṣọ wò. Liz Mitchell àti Marcia Barrett ló kọrin lóòótọ́ nínú àwo; Maizie Williams àti Bobby, ìran ni wọ́n wá fi hàn wá.

Ṣé Farian ronú pìwà dà? Ó tún ṣe irú rẹ̀, ó sọ ọ́ ní Milli Vanilli. Àwọn ọmọkùnrin méjì tó rẹwà gba ẹ̀bùn Grammy ní 1990, wọ́n sì gbà á padà lọ́wọ́ wọn kí ọdún tó parí, nítorí pé àwọn kọ́ ló kọrin. Mo ń bi yín: kí ló dé tí wọ́n bínú sí Milli Vanilli, tí ẹnikẹ́ni kò bínú sí Bobby? Ijó ni. Bobby jó. Ẹni bá jó bẹ́ẹ̀, wọ́n ti dárí ohùn jì í. Ayé pàápàá bá a ṣe ẹ̀fẹ̀ ìkẹyìn: ọkùnrin tó fi orin "Rasputin" gbórúkọ, tó jó o káàkiri ayé, ìlú St Petersburg ló kú sí, ní 30 oṣù kejìlá 2010. Ìlú yẹn ni wọ́n pa Rasputin gan-an sí, ará Rọ́ṣíà tí wọ́n fi kọrin, ní 30 oṣù kejìlá 1916. Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́ ká kọrin tí yóò pe ọjọ́ wa.

Ẹgbẹ́ olórin Village People ńkọ́? Ọlọ́pàá kan, ṣọ́jà kan, òṣìṣẹ́ ilé kíkọ́ kan, àti darandaran kan, gbogbo wọn lórí ìtàgé kan. Darandaran tí kò ní màlúù kan. Ọlọ́pàá tí kò dá ọkọ̀ dúró rí, tí kò ní kí ẹnikẹ́ni ṣe òun níre. Nílé wa, ibẹ̀ nìkan la ti mọ̀ pé ayédèrú ni. Ṣùgbọ́n ìjọba Amẹ́ríkà kò fura. Nígbà tí wọ́n kọ "In the Navy" ní 1979, inú àwọn ọ̀gá ọmọ ogun ojú omi dùn, wọ́n ní àwọn óò fi orin náà pe àwọn ọ̀dọ́ sí iṣẹ́ ológun, wọ́n sì yá wọn ọkọ̀ ogun USS Reasoner ní San Diego kí wọ́n fi ya fíìmù. Nígbà tí ẹnì kan là wọ́n lójú nípa irú àwọn tí wọ́n ń kọ orin náà fún, wọ́n dákẹ́, wọ́n sá. Fíìmù ti jáde.

Ẹ má rò pé àwa kò sí nínú rẹ̀. Ẹjọ́ ta ló jí ti ta ni mo fẹ́ dá báyìí. Ní nǹkan bí ọdún 1966, Geraldo Pino ọmọ Sierra Leone wọ Èkó, ó ń fi orin James Brown da ìlú rú. Fela jẹ́wọ́ pé ọ̀rọ̀ ọkùnrin náà mi òun tìtì. Fela padà sílé, ó rò ó, ó po ó mọ́ tiwa, afrobeat jáde. Ní 1970, James Brown fúnra rẹ̀ wá sí Èkó, àwọn ọmọ ẹgbẹ́ rẹ̀ sì lọ wo Fela ní Afro-Spot. Tony Allen ròyìn pé David Matthews tó ń to orin fún James dúró, ó ń wo ọwọ́ òun, ó ń wo ẹsẹ̀ òun, ó sì ń kọ ọ́ sínú ìwé. Nítorí náà, Èkó jí ti James, James wá sí Èkó láti wá jí èyí tí wọ́n jí. Ilé ẹjọ́ wo ló fẹ́ dá irú ẹjọ́ yẹn? James alára, ẹni tó ń gba dọ́là márùn-ún nítorí bàtà, kò fún Clyde Stubblefield, onílù rẹ̀, ní kọ́bọ̀ gẹ́gẹ́ bí ọ̀kan nínú àwọn tó ni "Funky Drummer", bẹ́ẹ̀ ìlù tí Clyde lù níbẹ̀ làwọn onírápù gé gé gé, tí wọ́n lẹ̀ mọ́ orin tó lé ní ẹgbẹ̀rún kan.

Manu Dibango ọmọ Cameroon ló kàn. Wọ́n ní kó ṣe orin ìwúrí fún ìdíje bọ́ọ̀lù ilẹ̀ Áfíríkà tí Cameroon gbà lálejò ní 1972. Ó ṣe é. Ó wá fi orin kan tí kò já mọ́ nǹkan kan lójú àwọn aláṣẹ sí ẹ̀yìn àwo náà. Cameroon kò gba ife, ipò kẹta ni wọ́n wà. Orin bọ́ọ̀lù bá wọn wọlẹ̀. Orin ẹ̀yìn àwo, "Soul Makossa", bọ́ sọ́wọ́ Mancuso ní The Loft, New York sì gbiná. Nígbà tí Michael Jackson gbé àwo "Thriller" jáde, ohùn "Soul Makossa" wà nínú orin tó ṣí i. Wọ́n sanwó fún Dibango kí ọ̀rọ̀ tó gùn. Ní 2007, Rihanna náà gbé e. Dibango tún gba ilé ẹjọ́ lọ. Bàbá mọ̀ pé ẹ̀yìn àwo lowó wà.

Ó ku àwọn asìnkú. Steve Dahl, sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ kan ní Chicago, pàdánù iṣẹ́ rẹ̀ ní ìparí 1978 nígbà tí ilé iṣẹ́ rédíò tó wà yí sí dísíkò. Ó rí ilé iṣẹ́ mìíràn, ó sì búra pé òun óò gbẹ̀san. Ní 12 oṣù keje 1979, ní pápá Comiskey, níbi tí ẹgbẹ́ White Sox ti fẹ́ gbá bọ́ọ̀lù onígi (baseball) wọn lẹ́ẹ̀mejì pẹ̀lú àwọn ará Detroit, wọ́n ní kí ẹni tó bá mú àwo dísíkò dání wá san sẹ́ǹtì 98 péré. Èrò bí 50,000 wọlé. Wọ́n kó àwo sínú àpótí, wọ́n fi ohun abúgbàù sí i, ó dún gbàù, koríko pápá jóná, ẹgbẹẹgbẹ̀rún èèyàn sì tú sórí pápá. Wọn ò lè gbá ìdíje kejì mọ́. Detroit jẹ ẹ́ láìsá eré kan. Wọ́n ní dísíkò ti kú.

Ọmọdékùnrin aláwọ̀ dúdú kan ń ṣiṣẹ́ ní pápá náà lálẹ́ ọjọ́ yẹn, ó ń júwe àga fún àwọn èrò. Vince Lawrence lorúkọ rẹ̀. Ó ń tu owó jọ láti ra ẹ̀rọ orin. Ó wo àwọn àwo tí wọ́n kó wá sísun, ó rí i pé púpọ̀ nínú wọn kì í ṣe dísíkò, orin àwọn aláwọ̀ dúdú ṣáá ni. Ó rẹ́rìn-ín àbí kò rẹ́rìn-ín, n kò sí níbẹ̀. Ohun tí mo mọ̀ ni pé owó rẹ̀ pé. Ní Chicago yẹn kan náà, Frankie Knuckles ti ń fi dísíkò dárà ní ilé ijó kan tó ń jẹ́ Warehouse láti 1977, ibẹ̀ ni wọ́n ti gé orúkọ "house" jáde. Ní 1984, Vince Lawrence àti Jesse Saunders gbé "On and On" jáde, èyí tí ọ̀pọ̀ èèyàn kà sí àwo house àkọ́kọ́. Ìlú tó sin òkú ni òkú ti jí, ọ̀kan nínú àwọn tó júwe àga níbi ìsìnkú ló sì jí i. Ẹ bá mi kí Steve Dahl kú iṣẹ́.

Ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n mi nílé, ó kàn yín. Mo ti rí fọ́tò yín. Ẹ dúró nínú sítúdíò, irun yín tó agbọ̀n, kọ́là ṣẹ́ẹ̀tì ti dé èjìká, bàtà gíga wà lẹ́sẹ̀, ẹ fi ìgbọ̀nwọ́ ti ẹ̀rọ rẹ́kọ́ọ̀dù tí kì í ṣe tiyín. Lónìí, ẹ ti di díákónì, ẹ ti di alájì, ẹ ń sọ pé ijó àwọn ọmọ ìsinsìnyí kò mọ́gbọ́n dání. Chris Okotie kọrin dísíkò, ó di pásítọ̀, ó sì du ipò ààrẹ lẹ́ẹ̀mẹta. Ẹnikẹ́ni kò sọ pé dísíkò ni kò jẹ́ kó wọlé. William Onyeabor ní Enugu, tí àwọn òyìnbó ń wá àwo rẹ̀ kiri, gbájú mọ́ Jésù, kò sì fẹ́ sọ̀rọ̀ nípa orin náà mọ́ títí ó fi kú ní 2017. A kò bá ẹni tó ronú pìwà dà jà. Ẹni tó bá ń purọ́ pé òun kò jó o rí la ń bá wí.

Ìdájọ́ mi rèé. Mo dárí ji James nítorí ìkíní, mo dárí ji George nítorí ìlédìí, mo dárí ji Bobby nítorí ijó. Rubell ni n kò dárí jì, nítorí adènà rẹ̀ fi Nile Rodgers síta. Ẹ fi àwọn ọmọ sílẹ̀ kí wọ́n jó tiwọn. Bí Kejìlá bá sì dé, tí ẹni tó ń ta ike ní ìta yín bá fi Boney M sí i, ẹ dìde ẹ jó. Ẹ má wulẹ̀ purọ́ mọ́ orúnkún.